Etí tó ń hó: ṣé ká ju hẹ́dífóònù nù ni?

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ìyá kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Fọ́lágbadé, Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọkùnrin rẹ̀ tẹ̀ lé e, ọmọ ọdún 19. Hẹ́dífóònù dúdú ńlá kan wà lọ́wọ́ ìyá náà. Ó ká okùn rẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí ìgbà tí èèyàn gba pàṣán lọ́wọ́ ọmọdé. Kò tíì jókòó tó fi gbé e lé tábìlì iṣẹ́ mi.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi tà á. Iye tí wọ́n bá dá a, ẹ gbà á. Etí ọmọ yìí ti ń hó láti oṣù kan ààbọ̀, nǹkan tó ń fi sétí tọ̀sán-tòru yìí ló fà á."

Ọmọ náà kò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Bùọ̀dá, ìnáwó la lọ. Iwájú spíkà ni wọ́n fi wá jókòó sí láti aago méjì ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ló mọ́ tí etí mi ń hó. Wọ́n sì sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn tí etí wọn ń hó máa ń fi hẹ́dífóònù gbọ́ ìró òjò kí wọ́n tó lè sùn."

Mo béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ bóyá etí kan ló ń hó tàbí méjèèjì. Ó fi ọwọ́ sẹ́yìn etí. "Ẹ sọ ọ́ sókè, Ọ̀gá. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo ń ṣe." Ata àti ẹ̀wà ló ń bá àwọn èèyàn lọ̀ l'Ókè-Àjé.

Òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, àṣìṣe sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Irú ẹjọ́ yìí kì í wọ́n lọ́dọ̀ mi. Ọkọ á ní kí ìyàwó yọ íàpíìsì létí, ọ̀gá á ní kí ọmọṣẹ́ yọ ọ́. Ẹni tí etí rẹ̀ ń hó á ní òun kò tún fi nǹkan kan sétí mọ́ láyé òun, ẹlòmíràn tí etí tirẹ̀ náà ń hó á ní hẹ́dífóònù ló gba òun là. Mo fẹ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ níbí, kí ẹni tó bá ń jà lórí rẹ̀ lè mọ ohun tó ń jà lé lórí.

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ọdún 11 ni mo fi bá ọ̀gá mi gbé spíkà káàkiri òde ìnáwó ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Àgọ́-Ìwòyè, láti Ìpẹ̀rù dé Ṣágámù. Ìdí míksà, ẹ̀rọ tí a fi ń darí ohùn, ni mo máa ń wà, spíkà lọ́tùn-ún, spíkà lósì. Tí a bá tú ẹrù tán lóru, etí mi á dí bí ìgbà tí omi odò wọ̀ ọ́, á máa hó yee. Ilẹ̀ á mọ́, á lọ. Mo rò pé bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn. Lọ́dún 2016, ilẹ̀ mọ́, kò lọ. Kò tíì lọ títí di òní. Mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, mo kọ́ àtúnṣe fóònù, íàpíìsì àti hẹ́dífóònù sì wà lára ohun tí mo ń tà báyìí. Torí náà ni mo ṣe ní láti mọ ohun tí mò ń tà fún ọmọ ọlọ́mọ.

Etí híhó kì í ṣe àrùn fúnra rẹ̀. Àmì ni, bí ara gbígbóná ṣe jẹ́ àmì. Èèyàn á máa gbọ́ ìró tí kò sí ohun tó ń dún ún níta. Ti ẹlòmíràn dà bí ìrẹ̀ tó ń han lóru, ti ẹlòmíràn bí kẹ́tùlù tó fẹ́ hó. Tèmi dà bí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tí wọ́n tàn tí àwòrán kò sí lójú rẹ̀: ìró tín-ín-rín kan tí kì í mí. Àwọn kan á ní ẹnì kan ló ń sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Àwọn kan á máa bẹ̀rù pé orí àwọn ló fẹ́ dà rú. Kò sí èyí tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ìwádìí ńlá kan tó jáde lọ́dún 2022, tó kó ìwádìí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè pọ̀, fi hàn pé nínú àgbàlagbà 100, bíi 14 ló ń gbọ́ ọ, ó sì ń da bíi 2 nínú wọn láàmú gidigidi. Kódà, ẹni tí etí rẹ̀ dá ṣáṣá ní ìwọ̀nba tirẹ̀. Lọ́dún 1953, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà mú èèyàn 80 tí wọ́n ń gbọ́ràn dáadáa wọ yàrá tó dákẹ́ rọ́rọ́, wọ́n ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá gbọ́. Nínú gbogbo wọn, ìdá 94 nínú ìdá ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn ń gbọ́ ìró.

Níbo ni ìró yìí ti ń wá? Nínú etí lọ́hùn-ún, níbi tí ọwọ́ kò lè dé, ohun kan wà tó ká bí ìkarahun ìgbín. Omi ló wà nínú rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun tín-ín-tìn-tín sì tò sínú omi náà, bíi 15,000 ní etí kọ̀ọ̀kan. Bí ohùn bá wọlé, omi á mì, irun á tẹ̀, iṣan á sì gbé ìròyìn lọ fún ọpọlọ. Ariwo ńlá máa ń tẹ irun wọ̀nyí kọjá agbára wọn. Èyí tó rẹ̀ á sinmi, á tún dìde, òun ni ti etí tó dí lóru tó sì là láàárọ̀. Èyí tó bá kú, ó kú nìyẹn. Ti adìẹ máa ń hù padà, àwọn onímọ̀ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1980. Ti èèyàn kì í hù. Àwọn tó ń gbọ́ ohùn tín-ín-rín ni ariwo sábà máa ń kọ́kọ́ pa, ìdí nìyẹn tí híhó tí ariwo fà fi máa ń tín-ín-rín, tó sì máa ń lọ sókè.

Ẹ má sì jẹ́ kí "ilẹ̀ á mọ́, á lọ" tàn yín bó ṣe tàn mí. Lọ́dún 2009, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà fi ariwo dí etí àwọn eku kan. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn eku náà ń gbọ́ràn padà bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n wo inú etí wọn, irun wà lóòótọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ ibi tí irun àti iṣan ti so kọ́ra ti já, wọn kò sì so padà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Etí ló fara gbá, àmọ́ kì í ṣe inú etí ni híhó náà ti ń dún mọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ mi àtijọ́ ṣàlàyé. Bí wáyà maikirofóònù alága ìdúró bá ti fẹ́ já, ohùn rẹ̀ kò ní dé inú míksà dáadáa. Kí àwọn àna má baà máa ké pé àwọn ò gbọ́, a ó yí bọ́tìnnì rẹ̀ sókè. Bí a bá ṣe ń yí i sí i, bẹ́ẹ̀ ni spíkà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣííí. Ṣííí yẹn kò ti ẹnu alága wá. Míksà ló ń dún, torí a ti yí i kọjá ibi tó yẹ, ó ń wá ohùn tí kò rí. Bí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ṣe gbà pé ọpọlọ ń ṣe náà nìyẹn. Tí irun apá kan bá ti kú, tí ìròyìn kò wá láti ibẹ̀ mọ́, ọpọlọ á yí bọ́tìnnì tirẹ̀ sókè láti wá a. Ṣííí ọpọlọ là ń gbọ́.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ẹ ó rí i pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là ń kó pọ̀ tí a bá ń jà lórí hẹ́dífóònù. Ọ̀kan ni ohun tó ń pa irun etí: ariwo ńlá ni, ẹ sá fún un. Ìkejì ni ohun tó ń mú híhó tó ti wà nílẹ̀ ga sí i létí ẹni, ìdákẹ́rọ́rọ́ sì wà lára rẹ̀. Ohun tó ń gba etí lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́, bí a bá lò ó níbi tí kò yẹ, ó lè dá kún ìkejì.

Ẹni tí etí rẹ̀ ń hó mọ èyí láìka ìwé. Lọ́sàn-án, láàárín ọjà, mi ò kì í rántí pé mo ní i. Lóru, tí aládùúgbò tó kẹ́yìn bá pa jẹnẹrétọ̀, tí fáànù sì dúró, á wá jókòó sáàárín orí mi bí àlejò tó mọ̀ pé ilé ti dá. Àwọn olùwádìí kan ní Ìlú Ọba sì dán an wò: lọ́dún 2012 wọ́n gbé e jáde pé àwọn dí etí kan àwọn èèyàn 18 tó ń gbọ́ràn dáadáa, fún ọjọ́ 7. Kò sí ariwo kankan tó kàn wọ́n. Nínú àwọn 18 náà, 14 bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ìró tí kò sí. Wọ́n ṣí etí wọn, ìró náà lọ.

Nítorí náà, bí ìyá yẹn bá ta hẹ́dífóònù, tó ti ilẹ̀kùn, tó ní kí ọmọ rẹ̀ máa sùn nínú ilé tó pa rọ́rọ́, híhó náà ni yóò kún yàrá fún un.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ariwo. Ohun méjì la fi ń ṣírò ariwo tó ń pa etí: bó ṣe pọ̀ tó, àti bó ṣe pẹ́ tó. Dẹ̀síbẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, kò sì rí bí ìwọ̀n gaàrí. Bí gaàrí bá kúrò ní kóńgò 80 tó di 83, kóńgò mẹ́ta ló lé. Bí ariwo bá kúrò ní 80 tó di 83, agbára rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì. Ìdí nìyí tí àjọ tó ń ṣèwádìí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fi ní 85 fún wákàtí 8 lójúmọ́ ló yẹ kó jẹ́ òpin. Tó bá di 88, wákàtí 4. Tó bá di 91, wákàtí 2. Ní 94, wákàtí kan. Ní 100, ìṣẹ́jú 15 péré. Ọmọ yẹn jókòó níwájú spíkà láti aago méjì títí ilẹ̀ fi ṣú. Èmi tí mo ti gbé irú spíkà bẹ́ẹ̀ fún ọdún 11 mọ̀ pé kò sí bí iwájú rẹ̀ kò ṣe ní kọjá 100 tí dííjéè bá ti gbóná.

Ìbọn ní tirẹ̀ kò bá wákàtí ṣe. Ó máa ń ju 140 lọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè ṣe é. Mo fẹ́ràn Ojúde Ọba bí ọmọ Ìjẹ̀bú mìíràn ṣe fẹ́ràn rẹ̀, mi ò sì ní ka ọjọ́ kẹta Iléyá kí n má lọ. Tí àwọn ìdílé Balógun bá ń gun ẹṣin bọ̀ tí ìbọn ń dún, ìwúrí ni. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ má gbé ọmọ kékeré dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń yìnbọn, kí àgbàlagbà náà sì dí etí rẹ̀. Ìdùnnú náà kò ní dín kù.

Kò sí ẹni tó ń gbé ẹ̀rọ ìwọn káàkiri, àmọ́ apá yín lè wọ̀n ọ́n. Ẹ na apá. Bí ẹni tó wà ní ìwọ̀n apá yẹn sí yín bá ní láti pariwo kí ẹ tó gbọ́ ọ, ariwo ibẹ̀ ti tó 85 tàbí kó ti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá fi wọn ìdí ẹ̀rọ ìlọta, ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ tó ń di gaàrí Ìjẹ̀bú, àti sọ́míìlì tí wọ́n ti ń lagi. Ta ló lè sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ níbẹ̀? Wákàtí mélòó ni wọ́n sì ń lò níbẹ̀ lójúmọ́? Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ dé ibí yìí, mo wo ojú ìyá náà. Ó ń wo hẹ́dífóònù.

Ó wá ku hẹ́dífóònù. Etí kò mọ ibi tí ohùn ti ń bọ̀. 90 láti inú íàpíìsì kékeré àti 90 láti inú ẹ̀rọ ìlọta, ọ̀kan náà ni lójú irun tó wà nínú ìkarahun yẹn. Ti orin tí èèyàn fúnra rẹ̀ ń gbọ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé fà á wálẹ̀ sí 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀, ó sì jẹ́ 75 fún ọmọdé. Ẹ fi ìṣirò kan náà bá a lọ: ní 83, wákàtí 20 lọ́sẹ̀, ní 86, wákàtí 10, ní 89, wákàtí 5. Bó bá dé 98, kò tó ìṣẹ́jú 40 ní odindi ọ̀sẹ̀ kan. Fóònù tí wọ́n yí dé ìpẹ̀kun lè kọjá 100. Nítorí náà, ẹni tó ní hẹ́dífóònù kò lè ṣe etí ní nǹkan kan kò sọ òótọ́. Ẹni tó ní òun gan-an ni májèlé kò sọ ọ́ náà.

Ohun tó máa ń mú àwọn èèyàn yí ohùn sókè ni ariwo ibi tí wọ́n wà. Ẹni tó wọ ọkọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ṣágámù, tí ẹ́ńjìnnì ń ké, tí afẹ́fẹ́ ń gba ojú fèrèsé, tí awakọ̀ náà tan rédíò, á ti yí orin tirẹ̀ kọjá gbogbo wọn kí ó tó gbọ́ ọ. Tó bá dé ilé, tó tan án láìyí i sísàlẹ̀, á dì gbàgà mọ́ ọn létí. Ibí ni hẹ́dífóònù tó ń pa ariwo ìta ti wúlò. Ọ̀pọ̀ ń sọ pé òun ló ń fa etí híhó, pé ohun kan wà tó ń tẹ̀ wọ́n létí. Maikirofóònù kékeré ló wà lára rẹ̀, tó ń gbọ́ ariwo ìta, tó sì ń dá ohùn tó lòdì sí i kí àwọn méjèèjì lè pa ara wọn. Ìyẹn kì í pa irun etí. Ó ń jẹ́ kí èèyàn lè gbọ́ orin tirẹ̀ ní ohùn tó rẹlẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá gbé e sétí nínú yàrá tó ti dákẹ́, tí ẹ kò fi nǹkan kan sí i, ìdákẹ́rọ́rọ́ lẹ fi kún ìdákẹ́rọ́rọ́, etí tó ń hó á sì ké sí i. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ní ó bà wọ́n létí jẹ́ sábà máa ń jẹ́ èyí: híhó náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ariwo ìta ló ń bò ó.

Ọmọ náà sì gba máàkì lórí ìró òjò. Ohùn pẹ̀lẹ́ nínú yàrá máa ń ran èèyàn lọ́wọ́, torí ó ń fún ọpọlọ ní ohun tó máa gbọ́. Fáànù tó ń yí, rédíò tó rẹlẹ̀, òjò lórí páànù, èyíkéyìí tí kò bá múni bínú. Ó ní bí wọ́n ṣe ń lò ó ṣáá. Kò yẹ kó ga débi pé ó bo híhó náà mọ́lẹ̀ pátápátá. Ẹ jẹ́ kó wà lábẹ́ rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ ṣì máa gbọ́ híhó náà lókèèrè, kí ọpọlọ lè mọ́ ọn lára. Fún oorun, mo fara mọ́ kí fóònù fúnra rẹ̀ máa dún lórí tábìlì ju kí íàpíìsì wà nínú etí mọ́jú. Íàpíìsì tó sùn sínú etí ń ti ìdọ̀tí etí wọlé, ooru ń mú níbẹ̀, ẹni tó ń sùn kò sì mọ ibi tí ohùn lọ.

Ìdọ̀tí etí fúnra rẹ̀ lè mú etí hó tó bá dí ihò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹ́ adìẹ, ìṣáná àti bírò sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì tàbí dókítà á yọ ọ́ láìfọwọ́ kan awọ inú etí.

Ẹni tí etí rẹ̀ ń hó tó wá ń dí etí káàkiri ilé, níbi oúnjẹ, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí tí kò sí ariwo, mo mọ ìbẹ̀rù tó ń mú un ṣe é, mo ti ṣe é rí. Oṣù mẹ́rin ni mo fi òwú sétí. Nígbà tí mo yọ ọ́, ìró ṣíbí lára àwo ń dùn mí bí ẹni gún mi lábẹ́rẹ́. Etí tí wọ́n fi pamọ́ kúrò lọ́wọ́ ohùn lásán kì í gba ohùn lásán mọ́ra mọ́. Ibi tí ariwo wà ni kí ẹ ti dí i. Òwú kò sì lè ṣe é, ohùn ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Fóòmù kékeré tí wọ́n ṣe fún un ni kí ẹ rà, kò wọ́n. Ẹ fi ìka yí i títí á fi tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ gba orí fi ọwọ́ kejì fa etí sókè sẹ́yìn, ẹ tì í wọlé, kí ẹ wá dì í mú títí á fi wú dí ihò náà. Èyí tó yọrí síta bí olú kò tíì wọlé.

Ní ti oògùn, kí n sọ ọ́ gbangba: kò tíì sí oògùn kan tí wọ́n fi hàn pé ó ń wo irú etí híhó yìí. Ẹni tó bá ń kiri agbo, ẹ̀kán etí tàbí kápúsù tó ní ọjọ́ méje ló máa fi dákẹ́, owó yín ló fẹ́. Lọ́dún 2014, àwọn dókítà etí ní Amẹ́ríkà kọ ìlànà kan sílẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe kọ gíńkgò tí wọ́n ń ṣe láti ara ewé igi kan, síńkì, tàbí mẹlatónínì tí wọ́n ń lò fún oorun, fún ènìyàn nítorí rẹ̀. Kódà, àwọn oògùn kan ló ń fà á. Àwọn àgbà mọ bí kiníní ṣe ń mú etí hó. Àsípírín tó pọ̀ lè ṣe é, abẹ́rẹ́ gẹntamáísìnì tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn sì lè pa irun etí pátápátá, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún un fún yín ní kẹ́míìsì láìsí dókítà.

Ohun tí ìlànà kan náà fọwọ́ sí ni ẹ̀rọ ìgbọ́ràn fún ẹni tí etí rẹ̀ ti ń le, torí bí ohùn ìta bá padà wọlé, ọpọlọ kò ní máa wá a kiri mọ́. Ó sì fọwọ́ sí kí onímọ̀ ìrònú bá èèyàn jókòó, kí ó kọ́ ọ bí kò ṣe ní máa bá híhó náà jà. Àwọn kan máa ń bínú sí èyí, wọ́n rò pé wọ́n ń sọ pé irọ́ ni àwọn ń pa. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọpọlọ bá ka ìró kan sí ewu, á máa ṣọ́ ọ. Bó bá ṣe ń ṣọ́ ọ ni á máa gbọ́ ọ. Bó bá sì ṣe ń gbọ́ ọ ni ẹ̀rù á máa bà á. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ mi, mi ò sùn. Mò ń dìde lóru lọ dúró sí ìdí omi ẹ̀rọ, mo á ṣí i kó máa kán sínú garawa. Kò sí ọjọ́ kan pàtó tí ó sàn. Mo kàn rí i lọ́jọ́ kan pé mo ti ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́ tí mi ò rántí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń rí bẹ́ẹ̀ fún bí ọdún ṣe ń yí.

Ẹ má ṣe fi gbogbo etí híhó ṣe ti ariwo o. Bí etí bá dí lójijì láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, tí ẹ kò gbọ́ràn mọ́, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an; oògùn tí wọ́n ń fún un, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù. Bó bá jẹ́ etí kan ṣoṣo ló ń hó, bó bá ń dún gbì-gbì bí ìgbà tí ọkàn ń lù, bí òòyì bá ń kọ́ yín, bí ọyún bá ń jáde létí, ẹ wá dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Olábísí Ọnàbánjọ (OOUTH) ní Ṣágámù ní irú wọn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kí ọmọ náà gbé hẹ́dífóònù sétí, kí ó fi orin rẹ̀ sí ibi tó máa ń fi í sí. Mo dúró ní ìwọ̀n apá kan sí i, mo pè é ní ohùn tí mo fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Kò dáhùn. Mo pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó ń mi orí sí orin. A dín in kù díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀karùn-ún ló gbójú sókè: "Bùọ̀dá, ẹ pè mí?" Kì í ṣe ìwọ̀n gidi, hẹ́dífóònù tó bo etí dáadáa lè mú un ṣì, àmọ́ ó tó ohun tí èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. A wọ inú sẹ́tíǹsì fóònù rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló fi òpin sí ibi tí ohùn lè gòkè dé. Ìyá rẹ̀ gbé hẹ́dífóònù náà sétí tirẹ̀, ó ní òun kò gbọ́ nǹkan kan. Mo yí i sókè. Ó ní òun kò tíì gbọ́. Ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò mí.

Ìyá náà nìkan ló padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó kọjá. Ọmọ ti ṣe àyẹ̀wò ìgbọ́ràn. Ó ń gbọ́ dáadáa, apá ohùn tín-ín-rín nìkan ló wálẹ̀ díẹ̀ ní etí méjèèjì, wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Hẹ́dífóònù wà nílé, kì í gbé e sùn mọ́. Ìyá náà wá sún mọ́ tábìlì.

"Ọ̀gá, tèmi náà ń dún o. Ó ti tó ọdún mẹ́fà. Mo rò pé ẹ̀rọ ni, pé ìró ẹ̀rọ ló máa ń bá èèyàn délé."

Mo ní kí òun náà lọ ṣe àyẹ̀wò. Ó ní wọ́n ti dá ọjọ́ fún òun. Fóòmù ló wá rà, méjì-méjì lọ́nà méjì: tirẹ̀, àti ti ọmọbìnrin tó ń bá a da ata sẹ́nu ẹ̀rọ. Mo yí ọ̀kan fún un kó rí i. Ó gbà á, ó yí tirẹ̀, ó fa etí sókè, ó tì í wọlé, ó wá fi ìka dì í mú, ó sì ń kà á lẹ́nu jẹ́jẹ́, ení, èjì, ẹ̀ta, títí ó fi dé ogún.